ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: Ọwọ́ Ń Gbọ̀n, Iṣẹ́ Ń Lọ

Bíbélì kíkà: 2 Kọ́ríńtì 12:7-10

 

Lónìí, ẹ jẹ́ ká rántí Póòpù John Paul Kejì. Ilẹ̀ Poland ni wọ́n ti bí i ní 1920. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ìyá rẹ̀ fi kú. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú. Nígbà tó di ẹni ogún ọdún, bàbá rẹ̀ náà lọ. Síbẹ̀, ó dàgbà di ọkùnrin tí ara rẹ̀ le koko. Ó ń gun òkè, ó sì ń so pákó mọ́ ẹsẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín. Ẹni ọdún 58 ni nígbà tí wọ́n fi í jẹ póòpù ní 1978. Ní 1982 ó wá sí Nàìjíríà, ó sì dé Ìbàdàn pàápàá.

Ní nǹkan bí 1991, ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àrùn Parkinson ni. Inú ọpọlọ ni àrùn yìí ti ń jà. Ara á máa gbọ̀n, á gan, ìrìn á falẹ̀, ohùn á lọ sílẹ̀. Ojú á le bí ẹni pé èèyàn ń bínú, bẹ́ẹ̀ inú ò bí i rárá. Kì í ràn o. Oògùn ò tíì lè wò ó tán, ṣùgbọ́n ó ń dẹ̀ ẹ́ lára.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tó yí i ká kò fi dárúkọ àrùn náà ní gbangba. Ní 2003 ni wọ́n tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò fara pa mọ́. Ní 1998 ó tún padà wá sí Nàìjíríà, ó sì ṣe ìsìn ní Onitsha pẹ̀lú àìlera yẹn. Nígbà tí ẹsẹ̀ ò gbé e mọ́, wọ́n ń fi àga tì í kiri. Nígbà tí ohùn ò jáde mọ́, àwọn ẹlòmíràn ń bá a ka ìwàásù rẹ̀. Àwọn kan ní kó fiṣẹ́ sílẹ̀, kò gbà. Ní ọjọ́ Àjíǹde 2005, ó jókòó lójú fèrèsé, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ohùn kọ̀. Ó fi ọwọ́ súre fún ìjọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin, ó sùn nínú Olúwa.

Ẹ̀yin ará, oògùn ṣe pàtàkì, ká sì lò ó lásìkò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn nìkan ló jẹ́ kí ayé bàbá yìí ṣì nítumọ̀. Àwọn èèyàn wà tí wọ́n tì í lórí àga, tí wọ́n dúró gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ti lọ sílẹ̀, tí wọn ò gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá tàbí màmá tó ń gbọ̀n nílé wa ńkọ́? Ṣé a ti fi wọ́n pamọ́ sí yàrá? Ṣé a máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ wọn lẹ́nu torí pé wọn ò yára? Ṣé a ń sọ pé ayé ló ń ṣe wọ́n, dípò ká gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà? Ẹ mú wọn wá sí ìsìn. Ẹ fún wọn ní iṣẹ́ tí agbára wọn ká, bó tilẹ̀ jẹ́ àdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ní sùúrù kí wọ́n parí rẹ̀.

Àdúrà: Olúwa, fún mi ní etí tó lè dúró gbọ́ ohùn aláìlera, àti ọwọ́ tó lè di ọwọ́ tó ń gbọ̀n mú. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

 Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn.