Thomas Fuller, Ọ̀gá Nínú Ìṣirò

Ní ayé àtijọ́, àwọn oníṣòwò ní ọjà Ìlá Ọ̀ràngún àti ní gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà a máa ka owó ẹyọ láti ogójì dé igba, láti igba dé ẹgbàá, títí yóò fi pé ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000. Orí ni wọ́n fi ń ṣe é, kì í ṣe ìwé. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ó sọ Thomas Fuller di olókìkí ní ilẹ̀ àjèjì.

Ní ọdún 1710 ni a bí i ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ní 1724, a kó o lẹ́rú lọ sí Virginia ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ oko ni ó ń ṣe ní ẹ̀bá ìlú Alexandria. Kò mọ ìwé kọ, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n kà. Ó kọ́kọ́ ka nǹkan dé ẹ̀wá, lẹ́yìn náà dé ọgọ́rùn-ún. Ó wá ka irun ìrù màlúù kan, ó sì rí i pé 2,872 ni.

Nígbà tí ó darúgbó, William Hartshorne àti Samuel Coates láti Pennsylvania wá dán an wò. Wọ́n bi í ní iye ìṣẹ́jú àáyá tí ẹni tí ó ti lo 70 ọdún, ọjọ́ 17 àti wákàtí 12 ti lò láyé. Kò ju ìṣẹ́jú kan àbọ̀ lọ tí ó fi dáhùn pé 2,210,500,800 ni. Ẹni tí ń fi kálàmù ṣírò sọ pé iye náà ti pọ̀ jù. Fuller rán an létí pé ó ti gbàgbé ọjọ́ kan tí í máa ń lé ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin. Nígbà tí ọkùnrin náà fi í kún un, ìṣirò wọn dọ́gba.

Wọ́n tún bi í pé bí àgbẹ̀ kan bá ní abo ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́fà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì bí abo mẹ́fà ní ọdún kìíní, mélòó ni wọn yóò jẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ bí gbogbo wọn bá ń bí bẹ́ẹ̀? Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ní 34,588,806 ni. Ìyá kan àti ọmọ mẹ́fà di méje. Nítorí náà ni iye wọn fi ń di ìlọ́po méje lọ́dọọdún. Bí a bá mú mẹ́fà, tí a fi méje sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ, iye náà gan-an ni a óò rí. Ìdí nìyí tí ó fi ṣeé pín sí ọ̀nà méjì, mẹ́ta tàbí méje láìṣẹ́kù, ṣùgbọ́n tí kò ṣeé pín bẹ́ẹ̀ sí ọ̀nà márùn-ún. Ní ìṣirò àwọn baba wa, ọ̀kẹ́ 1,729 ni, ó lé 8,806.

Ní ọdún 1788, dókítà Benjamin Rush kọ ìròyìn rẹ̀. Àwọn tí ń jà kí òwò ẹrú dópin fi í ṣe ẹ̀rí pé ọgbọ́n ènìyàn dúdú kò kéré sí ti ẹlòmíràn. Síbẹ̀ Fuller kò rí òmìnira gbà. Ọdún 66 ni ó fi sin olówó rẹ̀ kí ó tó kú ní 1790, ní ẹni ọgọ́rin ọdún.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹni tí ìyà bá gbé wọ aṣọ ẹrú. Ẹrú náà ti ṣe ọmọ rí ní ilé ìyá rẹ̀.