Dúró Ládípọ̀: Ọkùnrin Tó Gbé Ṣàngó Wá Sórí Ìtàgé

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, nígbàkúùgbà tí a bá ń jíròrò lórí akọni inú ìwé, ìbéèrè kan kì í pẹ́ yọjú: kí ló ń gbé akọni ṣubú? Àwọn kan á ní àyànmọ́ ni, nítorí pé ohun tí orí bá yàn kò gbóògùn. Àwọn kan á ní ìgbéraga ni, pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe ara rẹ̀. Dípò kí a tún bẹ̀rẹ̀ iyàn náà látòkè, ẹ jẹ́ kí a gba inú ìgbésí ayé ẹnì kan wò ó. Ẹni náà ni Dúró Ládípọ̀, tó kọ eré Ọba Kò So, tó sì fúnra rẹ̀ ṣe Ṣàngó nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kejìlá ọdún 1931 ni a bí i ní Òṣogbo. Orúkọ rẹ̀ pọ̀: Dúródọlá, Dúróṣọmọ, Dúróoríìkẹ́, Timothy, Àdìsá. Ẹ wo mẹ́ta àkọ́kọ́ dáadáa. Gbólóhùn ni wọ́n kí wọ́n tó di orúkọ, ìpajẹ fáwẹ́lì ló sì sún àwọn ọ̀rọ̀ inú méjì àkọ́kọ́ mọ́ra. Ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà, dúró, ló ṣáájú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Irú orúkọ báyìí ni Yorùbá máa ń sọ ọmọ tí wọ́n ń bẹ̀ kó má pa dà síbi tó ti wá. Kí ọmọ náà tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì ni ọ̀rọ̀ ìwàláàyè òun ìpín ti wà lórí rẹ̀.

Katikíìsì ìjọ Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀. Nínú ilé bẹ́ẹ̀, orin ìyìn àti Bíbélì ni oúnjẹ àárọ̀ àti alẹ́. Ṣùgbọ́n Òṣogbo kì í ṣe ìlú tí ọmọdé lè gbé kó má gbọ́ ìlù. Ìlú Ọ̀ṣun ni, eégún ń jáde níbẹ̀, àwọn onílù sì wà níbẹ̀. Ládípọ̀ dàgbà, ó di olùkọ́, ó sì ń ṣe orin fún ìjọ. Etí méjì ló ní: ọ̀kan gbọ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì, èkejì gbọ́ ti ìlú.

Ní ọdún 1961 ni ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Ó ṣe orin Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì ní Òṣogbo, ó sì fi ìlù Yorùbá sí i. Inú àwọn kan nínú ìjọ kò dùn sí i rárá, nítorí pé lójú wọn, ìlù tí a ń lù fún òrìṣà kò yẹ nínú ilé Ọlọ́run. Ẹ rò ó wò: ọmọ katikíìsì ni wọ́n ń bá wí. Ó lè tọrọ àforíjì kó gbé ìlù sílẹ̀. Ó sì lè bínú, kó sọ̀rọ̀ tí kò ní ṣe é kó jẹ mọ́. Kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Orin rẹ̀ ló kó jáde, ó sì wá ibòmíràn fún un.

Ibòmíràn náà ni Mbárí Mbáyọ̀, ẹgbẹ́ òṣèré àti oníṣẹ́ ọnà tó dá sílẹ̀ ní Òṣogbo ní ọdún 1962, tí Ulli Beier sì ràn án lọ́wọ́. Orúkọ yìí yẹ fún ẹ̀kọ́ ìmọ̀ èdè wa. Èdè Igbo ni Mbari ti wá, òun sì ni orúkọ ẹgbẹ́ tó ti wà ní Ìbàdàn ṣáájú. Nígbà tó dé etí àwọn ará Òṣogbo, wọ́n gbọ́ ọ bí ẹni pé Yorùbá ni: pé bí mo bá rí i, inú mi yóò dùn. Bí ọ̀rọ̀ àjèjì ṣe di ọmọ onílé nìyẹn.

Ibẹ̀ ni eré ọba mẹ́ta ti jáde tẹ̀ léra. Ọba Mọ́rọ̀ ló kọ́kọ́ dé ní 1962, Ọba Kò So tẹ̀ lé e ní 1963, Ọba Wàjà sì dé ní 1964. Inú ìtàn Ọ̀yọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá. Ọba Wàjà dá lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1945, nígbà tí òyìnbó aláṣẹ kò jẹ́ kí Olókùn-ẹṣin bá ọba tó wàjà lọ, tí ọmọ rẹ̀ sì kú dípò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ọba Kò So ló sọ ọ́ di ẹni tí ayé mọ̀. Ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti Sakété, Ṣàngó kì í ṣe àlejò, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti gbọ́ ìtàn náà nílé. Ṣàngó ní jagunjagun méjì, Tìmì àti Gbọ́nńkáà, agbára wọn sì ti ń ju ohun tí ìlú lè gbà lọ. Ọba rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ. Lẹ́yìn náà ó rán Gbọ́nńkáà láti lọ mú un wá. Gbọ́nńkáà fi ọfọ̀ mú Tìmì, ó gbé e wálé, wọ́n tún ní kí wọ́n jà lójú gbogbo ènìyàn, ó sì tún ṣẹ́gun. Ẹni tí ọba fẹ́ fi òmíràn pa ló wá kọjú sí ọba. Ìbínú gbé Ṣàngó, ó yí iná rẹ̀ sí àwọn ènìyàn tirẹ̀. Ọya fi í sílẹ̀. Ó kù ú ku igi àyàn.

Níbo ni àyànmọ́ wà nínú ìtàn yìí? Ẹ tún un kà, ẹ ó rí i pé àṣẹ ọba fúnra rẹ̀ ló ń bí ìṣòro tuntun ní gbogbo ìpele. Ṣàngó lè pàṣẹ fún iná, ṣùgbọ́n kò lè pe àṣẹ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde pa dà. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ náà, ìgbéraga: ì, gbé, ara, ga. Ẹni tó ń gbé náà ni ẹni tí a ń gbé. Kò sí ẹlòmíràn nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ọwọ́ bá rẹ onítọ̀hún, kò sí ẹni tí yóò gbà á dúró.

Eré náà kò parí sídìí igi àyàn. Ìròyìn tàn pé ọba so. Àwọn olóòótọ́ rẹ̀ fi wúnrẹ̀n ìyísódì kan ṣoṣo, kò, sáàárín ọ̀rọ̀ méjì náà, ẹni tó tẹ́ sì di òrìṣà. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe òun ló gbé ara rẹ̀ ga. Àwọn ẹlòmíràn ló gbé e.

Ládípọ̀ di irun bíi ti Ṣàngó, ìyàwó rẹ̀ Abíọ́dún sì ṣe Ọya. Ní 1964 wọ́n gbé eré náà lọ sí Berlin ní Jámánì, ní 1965 wọ́n gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì. Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é, pẹ̀lú oríkì, ìjálá, ọfọ̀ àti bàtá. Ládípọ̀ kò yí i sí èdè òyìnbó kí àwọn òǹwòran tó lè yìn ín. Àwọn kan lè pe ìyẹn ní ìgbéraga. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀, nítorí pé èdè àti ìtàn ìlú rẹ̀ ló gbé ga, kì í ṣe ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 1978 ni ó kú. Kò tíì pé ọdún 47. Ọmọ tí wọ́n bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nínú orúkọ pé kó dúró kò dúró pẹ́. Bóyá ibẹ̀ ni àyànmọ́ wà, nínú iye ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè fi kún. Ṣùgbọ́n ohun tó fi ọjọ́ náà ṣe, ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Nígbà tí ẹ bá tún ń ṣe àtúpalẹ̀ olú ẹ̀dá-ìtàn kan, ẹ má kàn béèrè ohun tó gbé e ṣubú. Ẹ tún béèrè ta ló gbé e ga.