Muhammad ọmọ Musa al-Khwarizmi: Ẹni tí ó fún Áljébírà ní Orúkọ

Àyà ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń já bí olùkọ́ ìṣirò bá ti kọ x sí ojú pátákó. Àwọn mìíràn tilẹ̀ rò pé ìmọ̀ àwọn òyìnbó ni, pé kò kan ẹni tí ń kéú. Ìdí nìyí tí a fi mú ìtàn Muhammad ọmọ Musa al-Khwarizmi wá fún yín lóṣù yìí.

Nǹkan bí ọdún 780 ni wọ́n bí i. Orúkọ rẹ̀ fi hàn pé ìran rẹ̀ tan mọ́ Khwarizm, ilẹ̀ kan ní ìhà gúúsù Òkun Aral, tí ó bọ́ sí Uzbekistan àti Turkmenistan lónìí. Baghdad ni ó ti ṣiṣẹ́. Kálífà al-Ma'mun, tí ó jọba láti ọdún 813 sí 833, fẹ́ràn ìmọ̀ púpọ̀. Ó fi ọ̀wọ̀ fún àwọn onímọ̀ ní Ilé Ọgbọ́n, Baytul-Hikmah, níbi tí wọ́n ti ń ka ìwé àwọn ará Gíríìkì, Páṣíà àti Índíà, tí wọ́n sì ń túmọ̀ wọn sí èdè Lárúbáwá. Al-Khwarizmi wà lára wọn.

Ní ayé al-Ma'mun ni ó kọ ìwé rẹ̀ lórí al-jabr àti al-muqabala. Kò kọ ọ́ fún ọ̀mọ̀wé nìkan. Ohun tí ó ní lọ́kàn ni ogún pípín, òwò ṣíṣe, ẹjọ́ dídá, ilẹ̀ wíwọ̀n àti odò gbígbẹ́. Kò lo x rárá. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó fi ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, ó sì pe iye tí a kò tíì mọ̀ ní nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí àwa náà fi ogún ṣe àpẹẹrẹ. Bàbá kan kú, ó fi ọmọkùnrin méjì àti ọmọbìnrin mẹ́ta sílẹ̀. Kò ní ìyàwó tàbí òbí láyé mọ́, ṣùgbọ́n ó jẹ gbèsè 14,000 náírà. Gbèsè ni a kọ́kọ́ ń san. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan yóò gba ìpín obìnrin méjì, gbogbo rẹ̀ yóò sì jẹ́ ìpín méje. Òfin ìṣirò rẹ̀ rèé: yọ 14,000 kúrò nínú owó tí bàbá fi sílẹ̀, kí o pín ìyókù sí méje. Èyí ni ti ọmọbìnrin kan. Bí a bá tò ó sí àtẹ:

Owó bàbá 84,000: ọmọbìnrin kan 10,000
Owó bàbá 154,000: ọmọbìnrin kan 20,000
Owó bàbá 224,000: ọmọbìnrin kan 30,000

Ẹ wò ó: nígbàkígbà tí owó bá fi 70,000 lé, ìpín náà ń fi 10,000 lé, kì í yẹ̀. Bí a bá fi àmì sí wọn lórí ìwé gíráàfù, ìlà tí yóò so wọ́n pọ̀ yóò gún gbọọrọ, yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti 14,000, níbi tí gbèsè ti jẹ gbogbo owó tán.

Bí wọ́n bá wá ní ọmọbìnrin kan gba 20,000, èló ni bàbá fi sílẹ̀? Ìpín méje jẹ́ 140,000. Èyí ni owó náà lẹ́yìn tí a yọ 14,000. A ó dá ohun tí a yọ padà sípò, a ó sì fi iye kan náà kún ìhà kejì. Ó di 154,000. Dídá padà yìí ni al-jabr. Bí iye kan náà bá sì wà ní ìhà méjèèjì, tí a yọ ọ́ lọ́tùn-ún lósì, al-muqabala nìyẹn.

Iṣẹ́ al-Khwarizmi kò mọ síbẹ̀. Ó ṣe àtẹ ìrìn oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀. Nínú ìwé rẹ̀ lórí àwòrán ilẹ̀ ayé, ó fi nọ́ḿbà méjì méjì tọ́ka sí ibi tí ìlú, òkè àti odò wà, ó lé ní 2,400. Kì í ṣe òun ni ó ya ìlà áljébírà sórí gíráàfù. Ọdún 1637 ni René Descartes, ará Faransé, tẹ ìwé tí ó so áljébírà pọ̀ mọ́ ìlà yíyà.

Nǹkan bí ọdún 850 ni al-Khwarizmi kú. Ní 1145, Robert ará Chester túmọ̀ ìwé al-jabr rẹ̀ sí èdè Látìn ní Segovia, ní Sípéènì. Láti inú àkọlé rẹ̀ ni áljébírà ti wá. Orúkọ òun fúnra rẹ̀ ni àwọn ará Yúróòpù yí sí algorithm, ọ̀rọ̀ tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń lò lónìí.

Ẹ̀yin ará wa, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ ìṣirò, ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù ni yóò pín ogún, ọmọ òrukàn àti obìnrin ni yóò sì pàdánù. Kò tó kí a mọ̀ pé ẹ̀tọ́ wà. Ó yẹ kí a lè ṣírò rẹ̀. Nítorí náà, kí ọmọkùnrin má sá fún ìṣirò, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún ọmọbìnrin pé kì í ṣe tirẹ̀. Kí Ọlọ́hun Ọba fún wa ní ìmọ̀ tí yóò ṣe wá láǹfààní. Àmín.