Dókítà tó ní kí àwọn dókítà lọ fọwọ́: ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ní bílíìṣì àti Dettol nílé

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé Darkuman ní ìlú Accra, ẹ mọ̀ pé ẹ kì í rìn jìnnà kí ẹ tó rí ibi tí wọ́n ti ń ta bílíìṣì, Dettol àti sípírítì. Bí ìyàwó bá ti fẹ́ bímọ, gbogbo rẹ̀ la máa ń rà jọ. Kí ẹ tó ṣí èyíkéyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tuntun, ẹ gbọ́ ìtàn ọkùnrin kan tó fi irú èròjà tó wà nínú bílíìṣì gba ẹ̀mí àwọn ìyálọ́mọ là.

Ignaz Semmelweis lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1818 ni wọ́n bí i ní Buda, tó ti di ara Budapest ní orílẹ̀-èdè Hungary lónìí. Ní 1846, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá ìlú Vienna. Wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí méjì ló wà níbẹ̀: àwọn dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wà ní àkọ́kọ́, àwọn agbẹ̀bí wà ní ìkejì. Ibà tó máa ń mú ìyá lẹ́yìn ìbímọ ń pa èèyàn ní méjèèjì, ṣùgbọ́n ti ọ̀dọ̀ àwọn dókítà ló pọ̀ jù. Àwọn aboyún mọ̀, wọ́n sì máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má gbé àwọn lọ síbẹ̀.

Ní 1847, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Jakob Kolletschka kú. Ọ̀bẹ akẹ́kọ̀ọ́ kan ló gún un lọ́wọ́ níbi tí wọ́n ti ń la òkú láti ṣàyẹ̀wò rẹ̀. Semmelweis rí i pé ohun tó pa ọ̀rẹ́ òun jọ ohun tó ń pa àwọn ìyálọ́mọ. Ìgbà yẹn ló yé e: láti ìdí òkú ni àwọn dókítà ti ń wá gbẹ̀bí. Wọ́n ń fi ọṣẹ fọwọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òórùn òkú kì í kúrò lọ́wọ́ wọn.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, ó pàṣẹ pé kí gbogbo wọn fi omi chlorine fọwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan aboyún. Ní oṣù Kẹrin, nǹkan bí ìyá 18 nínú 100 ló kú ní wọ́ọ̀dù náà. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi 2.

Ṣé wọ́n wá gbé e gẹ̀gẹ̀? Rárá o. Ó dun ọ̀pọ̀ dókítà pé ọwọ́ àwọn ló ń pa èèyàn. Ó fi Vienna sílẹ̀ ní 1850, ó ṣe bákan náà ní ilé ìwòsàn kan ní Pest, ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1861, síbẹ̀ àwọn tó gbà á gbọ́ kò pọ̀. Ní 1865 wọ́n mú un lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ. Ibẹ̀ ló kú sí ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ, ní ẹni ọdún 47. Ọgbẹ́ tó kẹ̀ ló pa á. Ọjọ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀ gan-an ni Joseph Lister, ní Glasgow, fi apakòkòrò tọ́jú ẹsẹ̀ ọmọdékùnrin kan tí kẹ̀kẹ́ ẹrù gùn, tó sì jinná.

Kí ni kí ẹ mú níbẹ̀?

Ẹ má fi òórùn díwọ̀n ìmọ́tótó. Ilé lè máa run Izal kí kòkòrò àrùn ṣì wà níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti omi fọ ìdọ̀tí kúrò, kí ẹ tó lo apakòkòrò.

Ilẹ̀, ilé ìgbẹ́ àti orí tábìlì ni bílíìṣì wà fún, kì í ṣe ọgbẹ́ tàbí ìwẹ̀ ọmọ. Bí agbára rẹ̀ bá jẹ́ 5%, ẹ fi ife kan sínú ife omi tútù 49. Ẹ jẹ́ kó wà lórí ibi tí ẹ nù fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ po tuntun lójoojúmọ́.

Bí ẹ bá máa fi Dettol kan ara, ẹ fi omi là á bí ara ìgò ṣe wí. Bí ilé ìwòsàn bá fún yín ní chlorhexidine fún ìwọ́ ọmọ, ìwọ́ nìkan ni kí ẹ fi í sí, torí ó lè ba ojú jẹ́. Ẹ má gbé sípírítì súnmọ́ iná.

Ẹ má ṣe po bílíìṣì mọ́ Harpic tàbí oògùn ìfọlé ìgbẹ́ mìíràn. Èéfín olóró tó máa ń tú jáde lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, pàápàá ní ilé ìwẹ̀ tí kò ní fèrèsé.

Ẹ má bu bílíìṣì sínú ìgò omi tàbí ti ohun mímu. Ọwọ́ ọmọdé kì í tó pẹpẹ. Ẹ gbé e síbẹ̀. Bí ọmọ bá ṣèèṣì mu ún, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fipá mú un bì. Ẹ pe 112 ní Gánà, tàbí kí ẹ gbé ọmọ àti ìgò náà lọ sílé ìwòsàn kíákíá.

Fún ọwọ́ tiyín, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ti tó nílé. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹ gbé méjèèjì sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì rọra bẹ àlejò kó fọwọ́ kó tó gbé ọmọ, ìbáà jẹ́ ìyá ọkọ. Ó lè bí ẹlòmíràn nínú, bó ṣe bí àwọn dókítà Vienna. Ẹ má tìtorí ẹ̀ dákẹ́.