Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti Ohun Tó Kọjá Agbára Rẹ̀

Òṣoògùn nílẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí Samuel Àjàyí Crowther sí, ní nǹkan bí ọdún 1809. Síbẹ̀, àwa ọmọ Kétu náà ní ìpín nínú rẹ̀, nítorí ìtàn ìdílé baba rẹ̀ sọ pé láti Kétu ni baba ńlá wọn ti ṣí lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó di bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ Áńgílíkà, àti aṣáájú nínú títúmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá. Ohun tí a fẹ́ sọ níhìn-ín ni bí ó ti ń ṣe nígbà tí ọ̀ràn tí kò lè yí padà bá dé bá a.

Ní ọdún 1821, ogun kó Òṣoògùn. Baba rẹ̀ sáré wá kìlọ̀ fún ìdílé pé kí wọ́n sá. Àjàyí kò tún fojú kàn án mọ́. Wọ́n de òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ ní okùn lọ́rùn. Ní Ìsẹ́yìn, wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tí ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tó gbà á lọ́rùn, wọ́n dá ọmọ padà bí ẹni dá ọjà padà. Láti ibẹ̀, ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n ń tà á. Nígbà tí ó rí i pé ọ̀nà òkun ni wọ́n ń mú òun lọ, ó gbìyànjú lóru, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, láti fi ọ̀já ìdí rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn pa, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kò gbà á. A kò gbọdọ̀ fo ibí yìí. Wọn kò bí ìfaradà mọ́ ọn. Ọmọdé tí ìbànújẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ni.

Ní Èkó, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ Potogí kan. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń lé àwọn olówò ẹrú gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lọ sí Sàró. Òmìnira yìí náà kì í ṣe ohun tí ó yàn. Ilẹ̀ àjèjì ni wọ́n gbé e sí, láìsí ìyá, láìsí baba. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ohun tí yóò fi ọjọ́ rẹ̀ ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ìwé. Láàárín oṣù 6 ó ti lè ka Májẹ̀mú Tuntun. Ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà pẹ̀lú. Ní 1825 ó ṣe ìrìbọmi, ní 1827 ó wọ ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay, ní 1843 ó sì di àlùfáà.

Nígbà tí wọ́n rán an padà sílẹ̀ Yorùbá, Abẹ́òkúta ni ó ń lọ. Ó dé Àgbádárìgì ní oṣù kìíní ọdún 1845, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tó fẹ́ gbà wọ́n, ti kú, ọ̀nà sì dí. Ó lé ní ọdún kan àbọ̀ tí wọ́n fi dúró. Kò jókòó káwọ́ gbera: ó ń wàásù ní èdè Yorùbá, ó sì ń bá iṣẹ́ ìtumọ̀ lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846 ni wọ́n tó wọ Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ni ó sì ti rí ìyá rẹ̀, Àfàlá, lẹ́yìn ọdún 25. Kò sí ọgbọ́n tí ì bá fi wá a rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá dé, ọmọ tó bá kì í ṣe ẹni tí ìbínú ti jẹ tán. Ní 1848 ó ṣe ìrìbọmi fún un.

Ní 1853 ó ṣe àbẹ̀wò sí Kétu, ìlú àwọn baba ńlá rẹ̀.

Ọdún 1864 ni ó di bíṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú iṣẹ́ ìjọ ní ìpadò Odò Ọya. Ìdánwò tó kẹ́yìn dé ní 1890, nígbà tí ó ti lé ní ẹni 80 ọdún. Àwọn òyìnbó ajíhìnrere, tí wọ́n kéré sí i lọ́jọ́ orí púpọ̀, fẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n dá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́, bí ẹni pé bíṣọ́ọ̀bù kò sí níbẹ̀. Ó bínú, ó sì sọ̀rọ̀ síta. Nígbà tí wọn kò gbọ́, ó kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Kò ba iṣẹ́ tí ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ jẹ́, kò sì fi ìjọ sílẹ̀. Ó dúró ti àwọn ìjọ ẹnu odò tó fẹ́ máa bọ́ ara wọn, èyí tí ọmọ rẹ̀ Dandeson jẹ́ aṣáájú rẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Kò borí nínú ọ̀ràn yẹn. A kò ní pa irọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ wa. Sùúrù rẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó dákẹ́ gba ohun gbogbo. Ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí wọ́n ṣe sí i àti ohun tí òun náà lè ṣe, ibi kejì yìí ni ó sì ń fi agbára rẹ̀ sí. Kétu náà mọ ẹ̀kọ́ yìí. Ní 1886, Dàhọ̀mì fọ́ ìlú, wọ́n kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Àbómẹ̀ ní 1892, àwọn tó ṣẹ́ kù padà wá sórí ahoro, wọ́n tún ilé kọ́, wọ́n sì tún fi Alákétu jẹ. Àwọn kọ́ ló pe ogun. Àwọn ló pinnu láti padà.