Sir Louis Mbanefo: Adájọ́ Ẹnúgù tí kò gbà kí ìlànà sé ọ̀nà mọ́ òdodo

Ẹni tí a rẹ́ jẹ, tí ó sì gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù, ohun kan ni ó ń fẹ́: kí adájọ́ gbọ́ tẹnu òun. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ni kì í ré kọjá ẹnu ọ̀nà. Ìwé lè pẹ́ kí ó tó dé ọwọ́ akọ̀wé kóòtù, ìfọwọ́sí rẹ̀ sì lè ní àbùkù. Ní 2007, nínú ẹjọ́ Okafor àti Nweke, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ Nàìjíríà kọ àwọn ìwé kan nítorí pé orúkọ ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò ni a fi fọwọ́ sí wọn, tí kì í ṣe orúkọ agbẹjọ́rò kan pàtó. Ní ọdún 41 ṣáájú ìgbà náà, Adájọ́ Àgbà kan láti Ẹnúgù ti bá irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ pàdé lójú gbogbo ayé. Sir Louis Mbanefo ni orúkọ rẹ̀.

Ọdún 1911 ni a bí i ní Onitsha. Ó kàwé ní King's College ní Èkó, ó kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní London, ó sì di agbẹjọ́rò ní 1935. Òun ni ọmọ Igbo àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà. Ní 1937 ó padà sílé, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Onitsha. Ní 1952 ó di adájọ́. Ní 1959 ó di Adájọ́ Àgbà Ẹkùn Ìlà-Oòrùn, èyí tí Ẹnúgù jẹ́ olú ìlú rẹ̀.

Ẹjọ́ tí ó gbé òkìkí rẹ̀ dé òkèèrè kì í ṣe ti Ẹnúgù. Ní 1920, Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè fi ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàmíbíà lónìí sí ìtọ́jú Gúúsù Áfíríkà, pẹ̀lú àdéhùn pé ire àwọn ọmọ onílẹ̀ ni yóò máa wá. Òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni Gúúsù Áfíríkà gbé lọ síbẹ̀. Ní 1960, Ẹtiópíà àti Làìbéríà, tí wọ́n ti wà nínú Ìmùlẹ̀ náà, pè é lẹ́jọ́ ní Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní Hague. Mbanefo ni wọ́n yàn láti jókòó pẹ̀lú àwọn adájọ́ ibẹ̀. Ní December 1962, ilé ẹjọ́ fi ìbò 8 sí 7 gbà pé òun ní agbára láti gbọ́ ẹjọ́ náà. Mbanefo wà nínú àwọn 8.

Wọ́n rojọ́ títí di 1966. Ní 18 July ọdún náà, ìbò pín sí 7 àti 7, Sir Percy Spender, ààrẹ ilé ẹjọ́, sì fi ìbò rẹ̀ kejì parí rẹ̀. Wọ́n ní òfin kò mọ ẹ̀tọ́ kankan fún Ẹtiópíà àti Làìbéríà nínú ọ̀ràn náà. Wọn kò sọ bóyá ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà rú àdéhùn tàbí kò rú u. Yorùbá ka ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá sí àgbà òṣìkà. Èwo wá ni ti ilé ẹjọ́ tí ó gbọ́ tọ̀tún-tòsì fún ọdún mélòó kan, tí kò sì dá ohun tí a bá wá? Mbanefo kò fara mọ́ ọn, ó sì kọ èrò tirẹ̀ sílẹ̀. Òótọ́ ni pé ìlànà ń gba aláìlágbára lọ́wọ́ alágbára. Ìlẹ̀kùn kóòtù ni. Ẹni tí ó bá fi ti ẹlẹ́jọ́ mọ́ ìta ti sọ ọ́ di ògiri.

Ọjọ́ 11 lẹ́yìn ìdájọ́ náà, ìdìtẹ̀ ológun kejì bẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Nígbà tó di 1967, ogun dé. Ìhà Biafra ni Mbanefo wà. Ní January 1970, ó bá Philip Effiong wá sí Èkó láti fi òpin sí ogun náà.

Ó rí 1971, nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé kan náà sọ pé Gúúsù Áfíríkà kò ní ẹ̀tọ́ láti wà ní Nàmíbíà mọ́. Ó kú ní 1977, kò sì rí òmìnira Nàmíbíà ní 1990.

Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ní ẹ̀ka ní Ẹnúgù báyìí. Ẹni tí ó bá ń lọ síbẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ Igbo tàbí ọmọ Yorùbá tí ń ṣòwò níbẹ̀, kí ó rí i pé ìwé rẹ̀ dé lásìkò, àti pé agbẹjọ́rò rẹ̀ fi orúkọ ara rẹ̀ fọwọ́ sí i. Ti adájọ́ ni kí ó rántí pé ènìyàn ni ó wà lẹ́yìn ìwé náà.