Babátúndé Fáfúnwa

Aliu Babátúndé Fáfúnwa, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Babs Fáfúnwa (ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1923 – ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 2010), jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìmọ̀ ẹ̀kọ́, òǹkọ̀wé àti mínísítà ètò ẹ̀kọ́ tẹ́lẹ̀ rí ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ohun tí a fi ń rántí rẹ̀ jù lọ ni ìwádìí tí ó darí ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí a ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọdé ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìgbésí ayé àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Ìlú Èkó ni a ti bí Fáfúnwa. Ó kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ CMS Grammar School ní Èkó, lẹ́yìn náà ni ó rékọjá sí orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó gba oyè àkọ́kọ́ ní Bethune-Cookman College ní ìpínlẹ̀ Florida ní ọdún 1950. Ní New York University ni ó ti gba oyè kejì ní ọdún 1951 àti oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1955.

Iṣẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì

Ní ọdún 1961, Fáfúnwa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Yunifásítì Nàìjíríà tí ó wà ní Nsukka, ibẹ̀ ni ó sì ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Nígbà tí rògbòdìyàn tí ó ṣáájú ogun abẹ́lé dé, ó darí wá sí Yunifásítì Ifẹ̀, níbi tí ó ti jẹ́ olórí Ẹ̀ka Ìmọ̀ Ẹ̀kọ́. Ìwé rẹ̀ tí ó gbajúmọ̀ jù, History of Education in Nigeria, jáde ní ọdún 1974. Nínú ìwé náà, kò bẹ̀rẹ̀ ìtàn ẹ̀kọ́ láti orí àwọn míṣọ́nnárì. Ẹ̀kọ́ ilé tí àwọn baba ńlá wa ń kọ́ ọmọ ni ó kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò, ẹ̀kọ́ kéú tẹ̀lé e, kí ó tó kan ilé ìwé àwọn Kírísítẹ́nì. Ó ṣàlàyé pé eré, àlọ́, orin, iṣẹ́ ọwọ́ àti ìbọ̀wọ̀ fún àgbà ni a fi ń tọ́ ọmọdé kí ìwé tó dé, àti pé èyí náà jẹ́ ètò ẹ̀kọ́ tí ó ní èrèdí, bí a kò tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀

Ní àkókò náà, ìlànà tí ó wọ́pọ̀ ní ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà ni pé kí a fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́ta, kí a sì yí padà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kẹrin. Fáfúnwa rí i pé ọmọ tí kò tíì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ni a ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi ilé ìwé sílẹ̀ láìmọ èdè méjèèjì kọ, láìmọ̀ ọ́n kà.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1970, ìwádìí náà bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ Ford Foundation. Lára àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ náà ni Adébísí Afọláyan, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. A pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ń fi Yorùbá kọ́ ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà, a sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lábẹ́ olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n kọ́. Àwọn yòókù ń tẹ̀lé ìlànà àtijọ́.

Iṣẹ́ tí ó le jù ni ti ìwé. Kò sí ìwé sáyẹ́ǹsì tàbí ti ìṣirò lédè Yorùbá tí ó tó fún kíláàsì mẹ́fà. Àwọn olùwádìí náà ní láti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, kí wọ́n kọ ìwé, kí wọ́n sì dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ lórí ẹ̀kọ́ márùn-ún: èdè Yorùbá, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ nípa àṣà àti àwùjọ, àti èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Nígbà tí a dán àwọn ọmọ náà wò, àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ ṣe dáadáa ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ìwé tí ó ròyìn ìwádìí náà, tí Fáfúnwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe olóòtú rẹ̀, jáde ní ọdún 1989.

Ìlànà ìjọba àti ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi

Ìlànà Ẹ̀kọ́ ti Orílẹ̀-èdè tí ìjọba gbé jáde ní ọdún 1977 sọ pé èdè abínibí tàbí èdè àyíká ni kí a fi kọ́ ọmọ ní jẹ́lé-ó-sinmi, kí eré sì jẹ́ ọ̀nà pàtàkì tí a ó fi kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìlànà kan náà fi dídá irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn aládàáni. Àwọn òbí tí ń san owó fẹ́ kí ọmọ wọn tètè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn onílé ẹ̀kọ́ sì ń ṣe ohun tí òbí fẹ́. Fáfúnwa di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ láti ọdún 1990 sí 1992, ó sì ń gbé ọ̀rọ̀ èdè abínibí lárugẹ, síbẹ̀ àṣà náà kò yí padà.

Ọ̀rọ̀ náà tún ní ìdíjú mìíràn ní ìlú bí Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí òun àti Ifẹ̀ jọ wà ní ìpínlẹ̀ kan náà, ìyẹn Western State, nígbà tí ìwádìí náà bẹ̀rẹ̀. Orí òkè ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àtijọ́ sì wà lára àwọn ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ lókè pẹ̀lú ààfin. Ẹ̀ka èdè Ìdànrè yàtọ̀ sí Yorùbá àjùmọ̀lò inú ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́rin tí ń sọ ẹ̀ka èdè yìí nílé lè bá Yorùbá ìwé pàdé gẹ́gẹ́ bí èdè kejì, kí Gẹ̀ẹ́sì sì di ẹ̀kẹta. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ tẹ̀lé èrò Fáfúnwa níbẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ọmọ mọ̀: òkè tí ó yí ìlú ká, oko kòkó, àlọ́ ilé, àti èdè tí ìyá fi ń pè é.

Ikú àti ìrántí rẹ̀

Fáfúnwa kú ní ọdún 2010 ní ẹni ọdún 87. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé ìwé, ohun tí a ti dán wò ní Modákẹ́kẹ́ ní ohun tí ó lé ní àádọ́ta ọdún ṣáájú. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kéde pé òun ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi lọ. Títí di òní, ìwádìí Ifẹ̀ wà lára èyí tí àwọn onímọ̀ máa ń tọ́ka sí jù lọ ní Áfíríkà nígbàkígbà tí wọ́n bá ń jiyàn lórí èdè tí ó yẹ kí a fi kọ́ ọmọdé.